Ilẹ̀ Ẹsẹ̀ Bàtà Kan

Ariwo náà kò pọ̀. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, etí kò ní mú un. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹnu bá ti dákẹ́, tí Joanna gbé ìka lé okùn gìtá tí kò sì tíì ta á, ibẹ̀ ni ènìyàn á ti gbọ́ ọ lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, bí oyin tó wọ inú ògiri: kùùùn. Kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Ó kàn ń kùn.

Ọdún méjì ni Sàká, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ìjọ, ti ń bá a fà á. Ó ti pààrọ̀ wáyà, ó ti pààrọ̀ sípíkà kan, ó ti fi téèpù dúdú we gbogbo ojú tó lè jò. Nígbà tí ìlù àti dùùrù bá wà nídìí orin, ariwo náà á sá pamọ́ sábẹ́ wọn, ìsìn á parí, ẹnikẹ́ni kò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Sátidé tí à ń wí yìí, ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Joanna nìkan ni, òun àti gìtá onípákó rẹ̀, orin mọ́kànlá, níwájú irinwó ènìyàn, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ìkòsí.

Bàbá Joanna ni alága ìgbìmọ̀ orin ìjọ náà. Daddy Bartholomew ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Magodo ló ń gbé. Ó gúnlẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ ta okùn kan, ó tẹ́tí, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́wọ́.

"Sàká, kí lèyí?"

"Mò ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, sà."

"O ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí since when? Àwọn elérédíò ń bọ̀ wá gba orin yìí sílẹ̀ ní aago mẹ́ta. Ṣé kí wọ́n gbé ọmọ mi pẹ̀lú ẹ̀fọn sórí afẹ́fẹ́ ni?" Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti pe Desmond, boy tó ń ṣe sound ní Gbàgádà. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta tí nǹkan yìí ṣì ń kùn, Desmond ló máa jókòó sídìí míkísà. Kì í ṣe tòní nìkan o. Kọ́kọ́rọ́ ibí tó wà lọ́wọ́ ẹ, wàá kó o fún un."

"Mo gbọ́, sà."

Ìdí míkísà yẹn ni gbogbo ohun tí Sàká rí mú bọ̀ nínú ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti lò l'Ékòó. Òkèhò ni wọ́n ti bí i, sílé Mùsùlùmí. Ó wọ Èkó pẹ̀lú ṣòkòtò méjì àti bùbá kan. Oṣù mẹ́jọ ló fi ru àpò ata ní Mile 12, títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi rọlẹ̀ ju ti òsì lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ó kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́ Ọ̀gá Shittu ní Kétu, ó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta nítorí bẹ́ǹṣì náà kúrú. Ó lọ ilé-ìwé alẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo ibi tó dé, ọwọ́ rẹ̀ tàbí èjìká rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ìgbà tí ìjọ yìí fi í sídìí míkísà ní ọdún 2003 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa bi í pé, "Sàká, báwo ló ṣe dún létí ẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ariwo náà bí ẹni ń wá eku nínú ilé. Ẹni ń wá eku á kọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ó yí gbogbo máíkì wálẹ̀ lórí míkísà. Ariwo ṣì wà. Ó yí ojú ọ̀nà gìtá wálẹ̀. Ariwo lọ. Ó dára, ibẹ̀ ni eku wà. Ó pààrọ̀ wáyà gìtá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, nítorí wáyà ohùn kò gbọdọ̀ bá wáyà iná sùn pọ̀. Bí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí oníkálukú máa lọ. Ó ń kùn. Ó yọ gìtá fúnra rẹ̀ kúrò lára ámúpù, àpótí dúdú tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Kò sí gìtá mọ́, ó ṣì ń kùn. Ó fa wáyà gígùn láti sọ́kẹ́ẹ̀tì míkísà wá sórí pèpéle, kí àwọn méjèèjì lè máa mu iná lójú kan. Ó ń kùn.

Ìyá Àpínkẹ́, obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ Ìgànná ni, ó sì ka Sàká sí ará ilé.

"Ọmọ Òkèhò, ṣé o ò ní jẹun ni? O ti di aláǹgbá mọ́ wa lọ́wọ́, gbogbo ara ògiri lò ń fi àyà fà."

"Màmá, ẹ bá mi pa fíríìjì yín wò ná."

"Kí n pa kí ni? Mínírà àwọn àlejò ló wà níbẹ̀. Ṣé mínírà ló ń kọrin ni?"

"Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pa á. Ariwo náà rẹlẹ̀ díẹ̀. Sàká pa ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn. Ó tún rẹlẹ̀. Ó tan wọ́n padà, ariwo gbérí. Bó sì ti wù kó pa nǹkan tó, kò tán pátápátá, nítorí ilé pásítọ̀ tó wà lẹ́yìn ń mu lára iná kan náà.

Sàká dúró láàárín gbọ̀ngàn. Ohun tí wọ́n ń lò nílé ìdáná ló ń kùn lórí pèpéle. Kí ló wá so ilé ìdáná mọ́ pèpéle? Ó mọ wáyà tó ń bá gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà dọ́rẹ̀ẹ́. Ó mú tẹ́sítà jáde lápò, ó ki orí rẹ̀ bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò kan ṣoṣo tí iná kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Tẹ́sítà náà pọ́n.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìyàlẹ́nu ló mú un jókòó. Ọdún méjì tó fi ń wá ariwo yìí, kò sí ibi tí kò fọwọ́ kàn àfi ihò yẹn.

Ẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ iná yòókù ní Kétu ń pe wáyà tó wọ ihò náà. Ọ̀gá Shittu kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ ló ń pè é. "Wáyà pupa ń gbé iná wá, dúdú ń dá a padà," báyìí ni yóò ṣe wí, tí yóò di wáyà mẹ́ta mú bí ẹni di ìdí ẹ̀fọ́ mú. "Bí o bá ṣì wọ́n mú, fíúsì á já, ojú á tì ẹ́, wàá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé yìí, ilẹ̀ nìyí. Iná tó bá ṣìnà, òun ló ń mú un lọ sínú erùpẹ̀, kó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Kì í sọ̀rọ̀. O lè má rì í, ilé á tàn, fáànù á fẹ́. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ó ti pa ènìyàn." Lẹ́yìn náà á wá rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀. "Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Ṣé o rò pé oníṣẹ́ iná kọ́ ni baba tó kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Sàká gbé ọkọ́, ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé kẹta, orí ọ̀pá bàbà kan yọ díẹ̀ lára ilẹ̀, wáyà aláwọ̀ ewé sì wé mọ́ ọn. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á ní iṣẹ́ gidi ni. Ó gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ erùpẹ̀ náà bí gàrí. Kò tíì sán ọkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ọ̀pá náà fi wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ bàtà kan ni gígùn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, eyín ayùn ṣì hàn lára rẹ̀.

Òun ló gé e.

Oṣù keje ọdún 1993 ni, ọ̀sẹ̀ tí ìlú dàrú tí wọ́n ń sun táyà lójú títì Ìkòròdú. Ọkọ̀ ẹrù kò rí Mile 12 wọ̀, oúnjẹ wọ́n. Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn yìí lọ́wọ́, Ọ̀gá Shittu ló gba iṣẹ́ iná rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá bàbà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lé Sàká lọ́wọ́, ó ní kó lù ú wọlẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi kù díẹ̀, ó sì lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ágége. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Sàká. Ọjọ́ kejì rẹ̀ nìyẹn láìjẹun. Èyí tó jẹ kẹ́yìn, ẹ̀bà tí kò ní ọbẹ̀ ni, inú ìdérí ìkòkò ni ìyàwó ọ̀gá ti bù ú fún un. Ọ̀pá náà wọ ẹsẹ̀ bàtà kan, ó pàdé òkúta. Ó lù ú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Lẹ́yìn náà ló mú ayùn irin. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó kù, ọkùnrin kan tó ń ra bàbà lẹ́yìn ọjà Kétu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ra búrẹ́dì kan àti àkàrà mẹ́fà. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì bì í.

Nígbà tí Ọ̀gá Shittu dé, ó tẹ̀ síwájú, ó wo orí ọ̀pá.

"Ó wọlẹ̀ tán?"

"Ó wọlẹ̀ tán, ọ̀gá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọjọ́ tí Sàká gba fúrídọ̀mù, gbọ̀ngàn yìí ni Ọ̀gá Shittu fi yangàn níwájú àwọn àlejò, pé ọmọ yìí nìkan ló ri ilẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2001, kò mọ̀. Fáànù mẹ́rin àti gílóòbù mẹ́jọ péré ni gbọ̀ngàn náà ní nígbà yẹn, irọ́ náà sì sùn lọ fọnfọn. Ìgbà tí wọ́n kó ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì wọlé ló jí.

Aago kan ti lù. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá bàbà jìnnà, àlọ àtàbọ̀ á gbà ju wákàtí méjì tó kù lọ. Páìpù irin kan dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé pásítọ̀, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n fa omi. Ó gbé e. Ó wá ibi tí omi ìfọ̀wọ́ ilé ìdáná ń dà sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó fi dígà ṣí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu páìpù náà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ké. Ẹsẹ̀ bàtà kan. Méjì. Nígbà tó di mẹ́ta, ó gbọ́ ohùn òkúta, ohùn kan náà tó gbọ́ ní ọdún 1993.

"Màmá, ẹ fún mi ní iyọ̀ àti èédú."

"Iyọ̀? Ọbẹ̀ lò ń sè sílẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ yìí gbẹ jù. Iyọ̀ àti èédú pẹ̀lú omi ló máa jẹ́ kó lè gba iná."

Ìyá Àpínkẹ́ rí ọ̀pá kúkurú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e, ó yí ìdí rẹ̀ wò. "Ta ló gé bàbà yìí?"

Sàká kò gbójú sókè. "Èmi ni."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ebi ń pa mí."

Obìnrin náà gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó wọlé, ó sì gbé odindi àpò iyọ̀ jáde. "Má sọ fún wọn o," ó ní. "Ebi kì í ṣe èdè tí wọ́n gbọ́ ní Magodo."

Nígbà tí aago méjì fi kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ páìpù náà, ó sì ti da garawa omi mẹ́rin sí i. Ó wọlé, ó tan ámúpù. Ó tẹ́tí. Nínú ọ̀nà mẹ́ta ariwo náà, ọ̀nà méjì ti lọ. Èyí tó kù tín-ín-rín bí irun.

"Uncle Sàká!" Joanna fò sókè lórí pèpéle. Kò wọ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kọrin, ó ní ẹsẹ̀ òun fẹ́ mọ ibi tí òun dúró sí. "It's almost gone! Mo rò pé kò ní lọ láéláé!"

Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, Sàká gbà gbọ́.

Daddy Bartholomew wọlé pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ohun ìgbọ́rọ̀ há ọrùn. Desmond nìyẹn. Desmond lọ síwájú sípíkà, ó di ojú, ó sì mi orí.

"E still dey, sir."

"Mo gbọ́ ọ," ni Daddy Bartholomew wí.

Desmond lọ sẹ́yìn ámúpù, ó fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ, ó yí i lójú iná. "Na earth dey bring am. Small matter. Make I just commot the earth." Ó ti ń fa pínsà yọ lápò.

"Má ṣe é!" Ohùn Sàká gba gbogbo gbọ̀ngàn, ó dẹ́rù ba òun gan-an. "Sà, ẹ jọ̀ọ́. Ámúpù yẹn ti gbó, iná ń jò sí ara irin rẹ̀, mo ti fọwọ́ kàn án, ó ń ta ènìyàn. Ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rì lẹ́yìn yẹn ló ń kó èyí tó ń jò lọ. Tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì yẹn, okùn gìtá ni iná yẹn máa wá sí. Ọwọ́ Joanna ló wà lórí okùn gìtá."

Desmond rẹ́rìn-ín. "Ah-ah, Uncle! Everybody for Lagos dey do am. For Ògùdù, for Gbàgádà. Who don die?"

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni Daddy Bartholomew gbọ́. "Ilẹ̀ wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rì? Gbọ̀ngàn yìí ò ní ẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyá Àpínkẹ́ ń mi orí sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Irọ́ wà lẹ́nu Sàká, ó ti pọ́n, jíjá ló kù: olè ló wú u. Kò sí ẹni tó máa bi í léèrè, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí bàbà ní Kétu. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹni tó bá tú àṣírí ara rẹ̀, kò sí bí wọn ò ṣe ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ó jáde lọ, ó gbé ọ̀pá kúkurú náà wá, ó sì nà án sí Daddy Bartholomew.

"Èyí ló wà nílẹ̀ látọjọ́ yìí, sà. Ẹsẹ̀ bàtà kan. Èmi ni mo gé e, lọ́dún 1993, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó wọlẹ̀ tán. Òun ló ń fa ariwo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọrin bó ṣe wà yìí, tàbí kó kọrin láìlo ámúpù rárá. Lọ́la màá wá ọ̀pá gidi."

Daddy Bartholomew gba ọ̀pá náà. Ó wò ó pẹ́.

"Fún ọdún méjì tí mo fi ń bi ẹ́ léèrè, o mọ̀."

"Sà, mi ò..." Ó wo ọ̀pá náà. "Mo mọ̀, sà."

"Ẹni tó parọ́ fún ìjọ Ọlọ́run fún ọdún mẹ́tàlá." Kò pariwo. "Òun ló dúró síwájú mi, tó fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó léwu fún ọmọ mi." Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

"Daddy, tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?" ni Joanna wí.

"Joanna, lọ múra."

Sàká yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀. Bí ó ti ń fi lé e lọ́wọ́, ó gbọ́ pínsà: kẹ́. Ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì náà jábọ́, ó yí gbirigbiri lórí táìsì, ó dúró. Desmond ki púlọ́ọ̀gì náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tan ámúpù.

Kò sí nǹkan kan. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ aṣọ Joanna tó ń gbá ilẹ̀ lọ. Ọdún méjì ni etí Sàká ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ yìí.

"You see?" ni Desmond wí.

Sàká lé Joanna bá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Aunty mi, bá mi wọ bàtà onírọ́bà. Má sì jẹ́ kí ẹnu ẹ kan máíkì, ibẹ̀ náà ni iná lè gbà wọlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀."

Joanna wo bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́, ó lọ.

Irin tí wọ́n fi ń yí iná láti ti ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fà á sí àárín, gbogbo ilé á kú lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni Sàká lọ dúró. Láti ibẹ̀, ó lè gba ojú fèrèsé rí orí Joanna, èjìká rẹ̀ àti ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí ọrùn gìtá. Àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú ni kò jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé irin náà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìka tó ń yọ́ lórí okùn, ó gbọ́ èémí ọmọ náà kó tó mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí kò gbọ́. Bí ó bá ṣe pé òun ló jókòó sídìí míkísà, ì bá fa ohùn ìsàlẹ̀ gìtá náà wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí Joanna bá tẹ̀ síwájú síbi máíkì, ọwọ́ Sàká á le lórí irin.

Ní orin kẹta, Ìyá Àpínkẹ́ mú mínírà àti àga wá. "Jókòó."

"Tí mo bá jókòó, mi ò ní rí ọwọ́ rẹ̀."

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́jọ."

Obìnrin náà gbé mínírà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Lọ́la ńkọ́? Aago méje ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi máa ń gba gbọ̀ngàn. Ámúpù yẹn náà ni wọ́n ń lò."

Sàká tún tẹjú mọ́ ọwọ́ Joanna.

Orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá parí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irinwó ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, Daddy Bartholomew sì gba máíkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn elérédíò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Desmond. Sàká tú ìka rẹ̀ lára irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìka náà ti kú. Ó dúró dìgbà tí èrò tú, ó sì bá Desmond níbi tó ti ń ká wáyà.

"Jọ̀ọ́, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn kó o tó lọ. Mo ní tuntun níbí. Màá bá ẹ ṣe é, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

"Uncle, e don set. You wan make the noise come back?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó pa iná, ó sún Sàká síta pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn.

Oòrùn ọyẹ́ ti ń pọ́n lẹ́yìn ilé pásítọ̀. Sàká lọ wo páìpù rẹ̀. Omi tó dà síbẹ̀ ti lọ, iyọ̀ ti funfun yí ìdí rẹ̀ ká. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì inú gbọ̀ngàn náà ló ti ní ilẹ̀ báyìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1993: fíríìjì ní, fáànù ní, àfi àpótí dúdú kan ṣoṣo tó wà lórí pèpéle. Ó pọn omi kún garawa, ó dà á sí ìdí páìpù náà. Ilẹ̀ mu ún. Ó tún lọ pọn òmíràn.